Ògiri Tí Ó Ń Gbé Ilẹ̀ Ró: Ìtàn Kan fún Àwọn Ọmọ Òkè-Onígbìn

Nígbà tí àwọn olóòtú ìwé ọdọọdún yìí ránṣẹ́ sí mi pé kí n kọ ìtàn kan fún ẹgbẹ́ wa, mo mọ̀ pé ìtàn ogun tàbí ìtàn oyè ni wọ́n ń retí. Àwọn tí ó mọ ìwọ̀nyẹn jù mí lọ wà, n kò sì fẹ́ gba iṣẹ́ wọn ṣe. Ìtàn ògiri ni èmi fẹ́ kọ. Bí ẹnikẹ́ni bá rẹ́rìn-ín sí mi, kí ó jọ̀wọ́ kà á dé ìdajì kí ó tó sọ ìwé sílẹ̀.

Orúkọ ìlú wa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òkè, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti Òkè-Àbà, ti Òkè-Òde, àti ti Òkè-Ìlá. Ẹni tí ó bá ń gbé ilẹ̀ olókè mọ ohun méjì dájú: afẹ́fẹ́ tútù ní ìrọ̀lẹ́, àti ọ̀gbàrá nígbà òjò. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ ní ọgbà tí ó tẹ́jú, tàbí ojúlé tí ọmọdé lè sáré nínú rẹ̀ láìyí gbirigbiri lọ sí ilé aládùúgbò, yóò bu ilẹ̀ apá òkè, yóò dà á sí apá ìsàlẹ̀, yóò sì mọ ògiri dí i kí ó má baà ya lọ. Ògiri bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ògiri ilé. Òrùlé ni ògiri ilé ń rù, láti òkè sì ni ẹrù rẹ̀ ti ń wá. Ṣùgbọ́n láti ẹ̀yìn ni ẹrù ti ń wá bá èyí tí mo ń wí. Ilẹ̀ ń tì í lọ́sàn-án, ilẹ̀ ń tì í lóru, kì í sì í sinmi. Kí ọ̀rọ̀ má baà gùn, n óò máa pè é ní agbélẹ̀ró.

Ohun tí ó sọ mí di ẹni tí ń wá ìtàn agbélẹ̀ró kiri kì í ṣe ìwé. Ní ọdún 2001, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́, a gbé mi lọ sí ilé-ìwé kan tí a kọ́ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Ọgbà iṣẹ́ àgbẹ̀ ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àgbàdo tí a bá gbìn sí apá òkè fi máa ń hù ní apá ìsàlẹ̀, nítorí pé òjò ti kó irúgbìn náà lọ. A fi iṣẹ́ títẹ́ ilẹ̀ náà lé mi lọ́wọ́. Mo fi owó tí àwọn òbí dá ra búlọ́ọ̀kù onínú 9 àti símẹ́ǹtì, mo wá bírikìlà kan, a sì mọ ògiri kan ṣoṣo tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 40, tí gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6. A rẹ́ ẹ, ó dán. Kò sí ojú ihò kan lára rẹ̀ tí eèrà lè gbà kọjá, èyí gan-an ni mo sì fi ń yangàn fún ẹni gbogbo. Abẹ́ rẹ̀ ni a to àwọn bẹ́ǹṣì sí, níbi tí àwọn ọmọ ti ń jókòó jẹun ní àkókò ìsinmi.

Ògiri náà la ẹ̀ẹ̀rùn já. Ó la àwọn òjò àkọ́rọ̀ já pẹ̀lú. Nínú oṣù September, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin ni a sì bá a tí ó ti dojú bolẹ̀, tí ilẹ̀ pupa ti ya bo gbogbo bẹ́ǹṣì náà. Òru ni ó wó. Bí ó bá jẹ́ pé ní agogo mọ́kànlá òwúrọ̀ ni, n kò mọ ohun tí ǹ bá wí fún àwọn ìyá ọmọ.

Bàbá àgbẹ̀ kan tí oko rẹ̀ kò jìnnà sí ilé-ìwé náà wá wò wá. Kò bá mi wí. Ó fi ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ gún ilẹ̀ tí ó ya náà, omi sì rú jáde bí ìgbà tí a lu àmù. Ó wá wò mí lójú, ó ní, “Tíṣà, ẹ̀yin ni ẹ ti omi mọ́lé. Ta ni a ó ti mọ́lé tí kò ní wá ọ̀nà àtijáde?”

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Òwe rere ni òwe yìí fún ilé àti fún ìdílé. Ní ti agbélẹ̀ró, èyí tí kò bá lanu ni yóò wó. Ìyẹn ni mo fẹ́ fi ìtàn àwọn ará òkè mìíràn, ti ìtòsí àti ti ọ̀nà jíjìn, hàn yín.

Kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ẹnìkan lè béèrè pé, kí ni ó dé tí a kò fi bẹ́ẹ̀ rí agbélẹ̀ró àtijọ́ láàárín àwa Yorùbá, nígbà tí ogun ọ̀rúndún 19 lé ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba wa gun orí òkè? Kì í ṣe pé òkúta ṣàjèjì sí wa. Ní Èsìẹ́ níhìn-ín, nínú ilẹ̀ Ìgbómìnà wa, ère òkúta tí ó lé ní 1,000 ni ó wà, èyí tí ìròyìn rẹ̀ dé etí ìjọba ní 1933, tí a sì tìtorí rẹ̀ dá ilé ọnà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1945. Ẹni yòówù tí ó gbẹ́ wọn, ọwọ́ rẹ̀ mọ òkúta. Ohun tí mo rò ni pé àwọn baba wa kò pẹ́ lórí òkè tó ẹni tí yóò sọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ di oko. Ilẹ̀ gbalasa wà ní ìsàlẹ̀ tí ó ń dúró dè wọ́n. Àwọn ará Ìdànrè tilẹ̀ pẹ́ lórí òkè ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Láti 1923 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ wá sí ibi tí wọ́n wà nísinsìnyí. Ẹni tí ó bá gun àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 lọ sí ìlú àtijọ́ wọn yóò rí i pé àárín àwọn àpáta ńláńlá, níbi tí ilẹ̀ ti rọjú díẹ̀, ni wọ́n kọ́ ilé sí. Wọ́n wá ibi tí ó tẹ́jú, wọ́n sì rí i. Ẹni tí ó bá rí ilẹ̀ títẹ́jú kì í wá wàhálà ògiri.

Àwọn tí kò rí i ni ó di ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí. Ní Nàìjíríà wa níbí, àwọn ará Sukur ni mo kà sí àgbà wọn. Sukur wà lórí òkè Mandara ní ìjọba ìbílẹ̀ Madagali, Ìpínlẹ̀ Adamawa, nítòsí ààlà wa pẹ̀lú Kamẹrúùnù. Hidi ni wọ́n ń pe ọba wọn, ààfin rẹ̀ sì wà lórí òkè, tí ó ń wo àwọn abúlé ìsàlẹ̀. Nígbà kan rí, irin ni iṣẹ́ tí wọ́n fi lókìkí. Wọ́n ń yọ́ ọ, wọ́n sì ń tà á fún àwọn aládùúgbò wọn. Wọn kò lè sọ̀ kalẹ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ bí ó ti wù wọ́n, nítorí pé àwọn tí ń kó ènìyàn lẹ́rú ni ó ni pẹ̀tẹ́lẹ̀ nígbà náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20 pàápàá, Hamman Yaji tí ó jẹ ọba ní Madagali gbógun tì wọ́n lẹ́ẹ̀kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, títí ìjọba òyìnbó fi mú un kúrò lórí oyè ní 1927.

Nítorí náà, orí òkè ni wọ́n ti ní láti jẹun. Òkè náà kò sì ní ilẹ̀ púpọ̀. Òkúta ni ó pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ṣa òkúta náà kúrò nínú oko, wọn kò dà á nù, wọ́n fi ń mọ ògiri kúkúrú ní ìbú òkè, ìlà kan lórí èkejì, bí ẹni ń kọ́ àtẹ̀gùn fún òmìrán. Ilẹ̀ tí òjò bá fọ̀ wá láti òkè a dúró sí ẹ̀yìn ògiri, a sì di oko tí ó tẹ́ díẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Lórí irú àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń gbin ọkà bàbà, jéró àti ẹ̀pà. Kò sí símẹ́ǹtì nínú ògiri wọn, kò sí amọ̀ tí a fi lẹ̀ ẹ́. Òkúta lórí òkúta ni. Bí òjò bá rọ̀, ilẹ̀ a dúró, omi a gba àárín òkúta kọjá lọ ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ìdí rèé tí àwọn ògiri náà fi tọ́jọ́.

Àjọ UNESCO kọ orúkọ Sukur sínú ìwé ogún àgbáyé ní 1999. Òun ni ó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀ láti Nàìjíríà, kí Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo tó tẹ̀lé e ní 2005. Ó dùn mí láti sọ ọ́ pé ní December 2014, àwọn Boko Haram gun òkè náà, wọ́n sun ilé púpọ̀, wọ́n sì ba apá kan ààfin Hidi jẹ́. Agbélẹ̀ró tí a fi òkúta lásán mọ ń fẹ́ àtúnṣe lọ́dọọdún: ọ̀kan yóò yọ, ẹnìkan yóò sì dá a padà. Bí ẹni tí yóò dá a padà bá sá lọ, oko àtẹ̀gùn a bẹ̀rẹ̀ sí í padà di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Kí á má sì rò pé òkè ọ̀hún nìkan ni a ti mọ iṣẹ́ yìí: àwọn Ìgbò ìlú Maku, nítòsí Awgu ní Ìpínlẹ̀ Enugu, mọ̀ ọ́n dáadáa pẹ̀lú.

Ní ìkọjá òkun, àwọn Inca ilẹ̀ Peru ti ṣe ohun tí ó jọ èyí, ṣùgbọ́n wọ́n fi ọgbọ́n kan kún un tí ó yẹ kí á kọ́. Ní ìlú Machu Picchu, tí wọ́n kọ́ sórí òkè gíga ní nǹkan bí 1450, àwọn oníwàádìí wa ẹ̀yìn àwọn ògiri oko náà wò. Wọ́n rí i pé kì í ṣe ilẹ̀ kan náà ni ó kún ibẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Òkúta ńlá ni ó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, òkúta wẹ́wẹ́ lé e, ilẹ̀ oníyanrìn lé ìyẹn, ilẹ̀ dúdú tí a ń gbin nǹkan sí sì wà lókè. Bí ẹni sẹ́ nǹkan nínú asẹ́ ni omi ṣe ń bọ́ láti orí dé ẹsẹ̀ ògiri. Òjò ibẹ̀ pọ̀, òkè ibẹ̀ sì ga ju tiwa lọ lọ́nà tí kò ní àfiwé, síbẹ̀ àwọn ògiri náà wà níbẹ̀ títí di òní.

Àwọn wọ̀nyí fi ojú àti ọwọ́ mọ iṣẹ́ wọn. Ẹni tí ó fi ìṣirò ṣí i payá ni Charles-Augustin Coulomb, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tí a bí ní 1736. Orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, nítorí òun náà ni a fi orúkọ rẹ̀ pe òṣùwọ̀n iná mànàmáná. Ẹnjiníà ológun ni kí ó tó di onímọ̀ iná. Ní 1764, wọ́n rán an lọ sí Martinique, erékùṣù tí a ti ń fi ẹrú dá oko ìrèké nígbà náà, pé kí ó kọ́ ilé odi kan tí a pè ní Fort Bourbon sórí òkè. Ó lo nǹkan bí ọdún mẹ́jọ níbẹ̀, àìsàn sì bá a fínra gidigidi. Láti kọ́ odi sórí òkè, agbélẹ̀ró ni iṣẹ́ púpọ̀ jùlọ, owó ìjọba sì ni a fi ń kọ́ ọ: bí ó bá tẹ́ẹ́rẹ́ yóò wó, bí ó bá nípọn jù yóò jẹ owó. Báwo ni ó ṣe yẹ kí ó nípọn tó? Ìbéèrè yìí ni ó gbé dání padà sílé. Ní 1773, ó ka ìdáhùn rẹ̀ níwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Paris, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1776.

Ohun tí Coulomb rí ni pé kì í ṣe gbogbo òkè ni ó ń ti ògiri. Apá kan nínú ilẹ̀ náà, tí ó rí bí èèkàn tí a fi ń la igi, ni ó fẹ́ yọ̀ lọ sí iwájú. Ìyókù dì í mú nípa fífi ara gbo ara. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín yíyọ̀ àti dídìmú yìí ni ẹrù tí ògiri ń gbà. Omi sì ni ọ̀tá dídìmú. Ẹ wo ìṣirò rẹ̀ ní kúkúrú. Bí ògiri bá ga ní mítà kan, tí ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ iyanrìn gbígbẹ, ẹrù tí ń ti mítà kọ̀ọ̀kan nínú gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí 300 kílò lọ. Kí omi kún inú ilẹ̀ náà dé ẹnu, ẹrù náà yóò ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni ti gíga: bí o bá sọ gíga ògiri di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni ẹrù náà yóò dà.

Mo jókòó lóru ọjọ́ kan, mo ṣe ìṣirò ògiri ti èmi tí ó wó. Bí omi ti kún ẹ̀yìn rẹ̀ ní òru September náà, ẹrù tí ó wà lára rẹ̀ lápapọ̀ tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 25. Búlọ́ọ̀kù onínú 9 ni mo sì fi dá a dúró! Kò ní agbára rí. Ohun tí ó jẹ́ kí ó la ẹ̀ẹ̀rùn já ni pé ilẹ̀ pupa wa, nígbà tí ó bá gbẹ, a máa di ara rẹ̀ mú láìfẹ́ ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìdí rèé tí ihò kànga wa fi ń dúró. Àfi ìgbà tí ó mu omi yó ni ó tó wá gbára lé ògiri mi, ó sì bá a ní aláìlágbára. Nítorí náà, ẹ̀ṣẹ̀ méjì ni mo dá: ògiri mi tẹ́ẹ́rẹ́ jù, kò sì lanu.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àìní tàbí àìmọ̀wé àwa ará Áfíríkà ni ó ń fa irú èyí. Ní Hong Kong, tí ó kún fún ilé gogoro àti ẹnjiníà, agbélẹ̀ró òkúta àtijọ́ kan wó ní Kwun Lung Lau ní ọjọ́ 23 oṣù July ọdún 1994, ó sì pa ènìyàn 5. Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí rẹ̀, wọ́n rí ohun méjì: omi ti ń jò láti inú àwọn ọ̀nà omi tí a rì mọ́lẹ̀ sí ẹ̀yìn ògiri náà, ògiri náà fúnra rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́ ju bí gbogbo ènìyàn ti rò lọ. Ẹ̀ṣẹ̀ mi méjèèjì ni, ní ìlú tí ó lówó.

Èyí tí ó sún mọ́ wa jù ni ti Freetown. Regent jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn abúlé orí òkè tí a tẹ̀ dó ní ọ̀rúndún 19 fún àwọn tí a gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ Yorùbá kan náà pẹ̀lú tiwa sì wà nínú wọn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 14 oṣù August ọdún 2017, lẹ́yìn òjò ńlá, apá kan òkè Sugar Loaf ya bo àwọn ilé ní Regent. Àwọn tí ó kú àti àwọn tí a kò rí mọ́ lé ní 1,100. Kì í ṣe ògiri ẹnìkan ni ó wó níbẹ̀, òkè fúnra rẹ̀ ni ó ya. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gé igi kúrò lórí òkè náà, wọ́n sì ti ń bu ẹsẹ̀ rẹ̀ láti fi kọ́lé. Nígbà tí mo gbọ́ ìròyìn yẹn, àwọn bẹ́ǹṣì ilé-ìwé náà ni ó padà sí mi lọ́kàn.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ mi ti kan ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó, ní Àbújá, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà. Ẹ ń fi owó ránṣẹ́ sílé, ẹ ń kọ́ ilé tí ó gbayì, a sì ń dúpẹ́. Bí ilẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ́, wọn a mú katakata wá, wọn a gé òkè náà ní ọjọ́ kan ṣoṣo, wọn a sì mọ ògiri gíga dí i. Àwòrán rẹ̀ ni wọn yóò fi ránṣẹ́ sí yín lórí fóònù. Iwájú ògiri ni àwòrán máa ń fi hàn. Ẹ̀yin náà ẹ bèèrè ẹ̀yìn rẹ̀: ẹ ní kí wọ́n ya á fún yín kí wọ́n tó da ilẹ̀ dí i. Bí ẹ kò bá rí òkúta wẹ́wẹ́ níbẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan ní fífẹ̀, tí ẹ kò sì rí ojú ihò tí omi yóò gbà jáde ní ẹsẹ̀ ògiri, ẹ má tíì fi owó tí ó kù ránṣẹ́. Aládùúgbò tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ògiri yín kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń bá bírikìlà dúnàádúrà.

N kò bá símẹ́ǹtì jà. Ògiri símẹ́ǹtì tí ó nípọn, tí ó lanu dáadáa, yóò dúró. Ohun tí mo kọ̀ ni ìgbéraga tí ó ń mú wa pe ògiri òkúta lásán ní iṣẹ́ tálákà. Ní ti gíga, mo gbà pé ohun tí ó bá ti kọjá ẹsẹ̀ bàtà 4, tàbí èyí tí ilé tàbí ọ̀nà ọkọ̀ bá wà lórí rẹ̀, kí á fi í sílẹ̀ fún ẹnjiníà, iye tí ó wù kí ó gbà. Kì í ṣe ohun tí olùkọ́ àti àwọn ọmọ ilé-ìwé lè dá lé.

Èyí tí ó mọ níwọ̀n ni àwa tún ṣe. Bàbá àgbẹ̀ náà ni ó sì ṣe ọ̀gá wa, láìgba kọ́bọ̀. A dúró di January, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, nítorí pé ẹni tí ó bá ń bu ẹsẹ̀ òkè nínú òjò ń wá ikú. Dípò ògiri kan tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6, a mọ méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní ẹsẹ̀ bàtà 3, a sì fi àlàfo ẹsẹ̀ bàtà 8 sí àárín wọn, kí ti òkè má baà gbé ẹrù rẹ̀ lé ti ìsàlẹ̀ lórí. A wa ìpìlẹ̀ títí a fi kan ilẹ̀ líle tí ọkọ́ kò tíì kàn rí. Àwọn òkúta tí ó tóbi jù ni a tẹ́ sí ìsàlẹ̀, ní fífẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 2. Bí a ti ń gòkè ni a ń dín in kù, tí a sì ń mú ojú ògiri fara ti òkè díẹ̀díẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí orí rẹ̀ fi sún sẹ́yìn ní ínǹṣì 6 ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Bàbá kò jẹ́ kí ojú ìpàdé òkúta méjì wà lórí ojú ìpàdé méjì mìíràn. Ó ní òkúta kan gbọ́dọ̀ jókòó lé méjì, bí ọmọ tí ó jókòó lé itan bàbá àti ìyá. Ní gbogbo ìwọ̀n apá kan ní gígùn, a mú òkúta gígùn kan, a tì í wọ inú òkè lọ kí ó lè di ògiri mú bí ìṣó.

Bí a ti ń mọ ọ́n ni a ń da òkúta wẹ́wẹ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ilẹ̀ tí ó kù, a kò rọ́ ọ sí i lẹ́ẹ̀kan náà. A ń dà á ní ìpele tí kò ju ínǹṣì 6 lọ, àwọn ọmọ a fi orin tẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà ni a ó tó da òmíràn. Lókè pátápátá, ní ẹ̀yìn ògiri kejì, a la kòtò kan tí ó ń darí ọ̀gbàrá gba ẹ̀gbẹ́ lọ, kí ó má baà wọ inú ọgbà rárá. A gbin koríko ọba sí etí ògiri méjèèjì, ewé rẹ̀ sì tún wúlò fún àgbo ibà.

Òjò tí ó pọ̀ wá ní June. Mo kọ̀ láti sùn ní òru àkọ́kọ́. Mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo bọ́ sí ìta, mo sì tan án sí ẹsẹ̀ ògiri. Omi ń jáde láti àárín àwọn òkúta ní ibi tí ó lé ní ogún, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ó mọ́, kò gbé ilẹ̀ kankan dání. Ní òwúrọ̀, àwọn ọmọ wá ń ka iye ibi tí ó ti ń sun, wọn kò sì fẹnu kò. Bàbá náà dé nígbà tí oòrùn yọ. Ó rìn láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, ó fi ọ̀pá rẹ̀ kan òkúta díẹ̀, ó wá jókòó lé orí ògiri náà, ó bọ́ fìlà, ó sì ní kí n bu omi fún òun mu.